Wọ́n ní kí a má pín ilẹ̀ mọ́, kí a má sì bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun. Ṣé wọ́n lágbára bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ọmọ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mí, Èkó ni mo ń gbé. Lọ́dún tó kọjá mo ra pulọ́ọ̀tì méjì lọ́wọ́ ẹbí kan ní etí ìlú, lójú ọ̀nà oko. Mo ti mọ búlọ́ọ̀kù 1,200 síbẹ̀, àbúrò mi sì ti gbẹ́ fáńdéṣọ̀n ilé yàrá mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà ọjà pé káńsù ní kí ẹnikẹ́ni má gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun ní etí ìlú, títí wọn ó fi ya àwòrán ìlú tán. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "STOP WORK" sára búlọ́ọ̀kù mi. Ilẹ̀ tí mo fowó ara mi rà lọ́wọ́ onílẹ̀! Ṣé káńsù lágbára láti ṣe èyí? Àbúrò mi ní ká tètè ta búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó jí i kó. Ẹni tó bá mọ̀ nínú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

* * *

Òkun o, àbúrò. Má ta búlọ́ọ̀kù kankan. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá sọ̀rọ̀ òfin.

N kì í ṣe lọ́yà. Ọdún 19 ni mo fi ya pílàánù ní ọ́fíìsì sọ́fẹ́yọ̀ kan ní Lọ́kọ́jà kí n tó padà wálé wá máa tọ́jú kaṣú lẹ́yìn Kàbà. Ohun tí ojú mi rí nídìí bíkìn, ìyẹn òpó kékeré tí a fi ń sàmì sí ààlà ilẹ̀, àti okùn ìwọnlẹ̀ ni mo máa sọ, n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí o tó bínú, ní kí àbúrò rẹ padà lọ ka ìwé tó wà lára igi yẹn dáadáa, kó sì yà á ní fọ́tò. Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sí i? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Ta ló buwọ́ lù ú, òfin wo ló sì dárúkọ? Ibo gan-an ni wọ́n pè ní etí ìlú? Ọjọ́ ìparí yẹn ló máa ń sọnù jù nínú irú ìwé báyìí. Wọ́n á ní "títí a ó fi ya àwòrán ìlú tán", ẹni tó máa yà á kò tíì gba owó iṣẹ́, pẹ́ńsùlù gan-an kò sí ní ọ́fíìsì.

Ohun kan tún wà tó ń yọ mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Ta ló kọ ọ̀dà pupa yẹn? Ṣé ẹnikẹ́ni rí òṣìṣẹ́ káńsù níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni tó bá ní agolo ọ̀dà kan àti búrọ́ọ̀ṣì lè di ọ́fíìsì ìlú-yíyà lóru.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan òfin, kí n sì tètè kúrò níbẹ̀.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ló fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Èyí tí gómìnà bá kéde pé ó jẹ́ ilẹ̀ ìgboro, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Èyí tó kù, ìyẹn ilẹ̀ abúlé àti oko, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe ilé ni ó fẹ́ kọ́ tàbí oko ni ó fẹ́ dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ oko kò gbọdọ̀ ju héktà 500 lọ láìjẹ́ pé gómìnà lóhùn sí i. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé káńsù kò ní nǹkan kan-án ṣe pẹ̀lú ilẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Àmọ́ ibi tó máa ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni abala 36. Ó ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, tó ti wà lọ́wọ́ onílẹ̀ kí òfin náà tó dé, onílẹ̀ lè máa lò ó lọ bó ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gé e sí pulọ́ọ̀tì. Kò sì gbọdọ̀ gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìwé tí wọ́n bá fi ṣe é kò já mọ́ nǹkan kan, ìtanràn 5,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Ibi tí abala 21 ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀ ni pé kí káńsù fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Ìdádúró ilẹ̀ gígé tí wọ́n lẹ̀ mọ́gi lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, ó ti wà nínú ìwé láti 1978. Láti ìgbà náà, ta ni ẹ mọ̀ ní Kàbà, ní Ìyàrà, ní Mọ́pà, tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó gé ilẹ̀ baba rẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì? Èmi kò mọ ẹnì kan. Ní ọ́fíìsì wa, a ya irú pílàánù bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ fi ń dùn wá.

Àwa ará Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Kogí tí à ń kí ara wa ní "òkun", tún ní tiwa lọ́tọ̀. Abẹ́ Àríwá ni wọ́n kó wa sí láyé òyìnbó, òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1910 àti ti 1962 sì ti fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso ìjọba tipẹ́ kí 1978 tó dé. Nínú ìwé o. Bàbá mi àgbà kú láìgbọ́ nípa ìkankan nínú wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pín ilẹ̀ lábẹ́ igi bí wọ́n ṣe máa ń pín in.

* * *

Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé láti àárọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù ní owó ni káńsù ń wá. Wọ́n á dá gbogbo ayé dúró kí ẹni tó ń kánjú lè wá fowó bẹ̀ wọ́n. N kò lè búra pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo ti rí ọ̀gá kan tó sọ dídá iṣẹ́ dúró di oko ìkórè. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba rìbá kì í lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà. Kọ̀rọ̀ ni ó máa ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan bínú kọ̀wé pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fún ìjọba ìbílẹ̀ lómìnira ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, pé káńsù lè ṣe ohun tó bá wù ú. Ẹ̀gbọ́n, owó ni ìdájọ́ yẹn dá lé, pé kí owó wọn máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kí àwọn tí ará ìlú dìbò yàn sì máa darí wọn. Ọ̀rọ̀ àwòrán ìlú àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 2003, nínú ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ti ìpínlẹ̀ ni. Ibi tí òfin ìpínlẹ̀ bá gba káńsù láyè dé ni agbára rẹ̀ dé lórí ilé kíkọ́. Nítorí náà apá méjì ni ìwé ara igi yẹn ní. Ti ilẹ̀ gígé, káńsù rí òfin dúró lé. Ti ilé kíkọ́, kí wọ́n fi òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n dì mú hàn wá.

Àwọn tó ní "ilẹ̀ baba wa ni, kí ló kan káńsù", mo gbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn lẹ́nu títí àgbàrá ilé ẹni tó wà lókè yóò fi ya wọ pálọ̀ rẹ. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa: àpáta níwájú, àpáta lẹ́yìn. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kì í rì, ńṣe ló máa ń sá wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀nà tó sì ti ń gbà láti ayé bàbá ńlá wa náà ló máa gbà lónìí, bí pálọ̀ rẹ bá tilẹ̀ wà níbẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi lè bá àwọn tó kórìíra ìdádúró yìí kórìíra rẹ̀ tán.

Nígbà tí bàbá ìyàwó mi kú, ọkọ̀ tó gbé òkú wá láti ọsibítù kò lè dé ilé. Àdúgbò tuntun ni, kò tíì pé ọdún 12 tí wọ́n gé e. A sọ pósí kalẹ̀ létí títì, a gbé e léjìká, a sì gba ẹ̀yìn ilé ìdáná ẹni ẹlẹ́ni kọjá. Ìyá kan ń ro ọkà lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó fi orógùn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wá pé ká má bínú pé ẹ̀yìnkùlé òun kún. Òun ló ń bẹ̀ wá o, àwa tí a gbé òkú gba iwájú ìkòkò rẹ̀ kọjá! Ní ọjọ́ yẹn, ojú tì mí débi pé n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ ló ya pílàánù pulọ́ọ̀tì tó pọ̀ jù ládùúgbò náà.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ìṣirò ni. Éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀-bàtà onígun mẹ́rin. Pulọ́ọ̀tì kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀-bàtà 50, tó gùn ní 100, jẹ́ 5,000. Olórí ẹbí á ní ká gé mẹ́jọ jáde, ìyẹn 40,000, ó ku 3,560. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀-bàtà 30 nìkan, tó bá la éékà náà já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, yóò gba bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti igba. Kò gbà! Àfi kí a yọ pulọ́ọ̀tì kan kúrò. Àmọ́ ta ni nínú ẹbí ni yóò gbà pé owó pulọ́ọ̀tì tirẹ̀ ló máa di ọ̀nà? Ni wọ́n á bá ní, "Ẹ ṣáà gé e, àwọn tó rà á á mọ bí wọ́n ṣe máa máa kọjá." Ọ̀kadà á máa kọjá, lóòótọ́. Ọkọ̀ omi kò ní kọjá, ọkọ̀ panápaná kò ní kọjá, pósí á kọjá lórí èjìká.

Ẹ̀kúnwọ́ ẹbí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú ń gé tirẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀nà ẹnìkejì yọ sí. Ohun tí ìdádúró wà fún gan-an nìyẹn: kí gígé dúró díẹ̀, kí ẹnìkan lè fa ìlà ọ̀nà ńlá àti ojú àgbàrá sórí ìwé kí ilẹ̀ tó tán. Nílùú tí yunifásítì ìpínlẹ̀ ti dé, bíi Kàbà, ilẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọ̀nà kòǹkéré Ọbajànà sí Kàbà, kìlómítà 43, látìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni ojú àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti wà lára rẹ̀.

* * *

Ọmọ wa kan láti Amẹ́ríkà kọ̀wé gígùn. Ó ní níbẹ̀, nǹkan lásán ni èyí. Ó mú àpẹẹrẹ adágún Tahoe wá, láàárín Kalifóníà àti Nẹ̀fádà, omi tó mọ́ gaara tí ìdọ̀tí láti ibi ilé kíkọ́ ń bà jẹ́. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ dá ilé kíkọ́ dúró fún oṣù 32 láti 1981 kí wọ́n lè rí àyè ya àwòrán. Àwọn onílẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú, ẹjọ́ náà sì ń lọ títí di 2002 kí ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ tó sọ, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, pé dídá èèyàn dúró fúngbà díẹ̀ nìkan kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

O ṣeun, ọmọ wa, ẹ̀kọ́ ló jẹ́ fún mi. Àmọ́ ibi tó o parí sí ni n kò bá ọ dé. O ní "ẹ rí i, kí gbogbo èèyàn ṣe sùúrù". Oṣù 32 yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, iṣẹ́ sì ń lọ nínú rẹ̀. Onílẹ̀ tó ń dúró mọ ohun tó ń dúró dè. Tiwa yìí, bí wọ́n bá ní ká dúró, ó yẹ kí n lè wọ ọ́fíìsì káńsù lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí n sì bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni ẹ ya dé?" kí wọ́n fi bébà kan hàn mí.

* * *

Ìyá kan láti Yàgbà ló sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè dáhùn tán, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní: "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà àti àgbàrá. Àwa tí a sá kúrò lóko nítorí ajínigbé ńkọ́? Etí ìlú náà la sá wá. Ibẹ̀ ni a ti rí ẹni tó fún wa ní ìwọ̀nba ilẹ̀ tí agbára wa ká. Bí wọ́n bá ní ká má kọ́ yàrá kan síbẹ̀ fún ọdún kan, ṣé ká padà lọ bá àwọn oníbọn nínú igbó?"

Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ò ní padà síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ òfin ìdádúró láìrántí irú yín, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lágbègbè yìí láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Èrò mi ni pé ẹni tó ń kọ́ ilé kan ṣoṣo láti gbé, kò yẹ kí wọ́n dá a dúró rárá bí kò bá ti wà lójú àgbàrá tàbí lórí ọ̀nà. Gígé ilẹ̀ tà ní pulọ́ọ̀tì mẹ́jọ mẹ́jọ ni kí wọ́n dá dúró. Ohun méjì ni, àwọn tó kọ ìwé yẹn sì dì wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹnìkan fèsì pé bí wọ́n bá fàyè gba ẹyọ ilé kan, gbogbo ayé á ní ẹyọ ilé kan lòun ń kọ́. Ó ṣeé ṣe. Mo ṣì dúró lórí èrò mi.

Ìbéèrè ìyá kejì, nípa ilẹ̀ ogún: bàbá kú, ọmọ márùn-ún, wọ́n fẹ́ pín oko kaṣú rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà ni "gígé ilẹ̀"? Lójú tèmi, rárá, bí wọ́n bá ń pín in láàárín ara wọn láti máa ro ó. Kí wọ́n ṣáà ṣọ́ra fún ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ dá oko ẹ̀gẹ́. Bí ó bá dọ́gbọ́n gbin kaṣú sí i pẹ́nrẹ́n, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa kò fi jẹ́ kí àlejò gbin igi olówó sórí ilẹ̀ tí wọ́n yá a. Igi kì í wá bẹ́ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù.

Àwọn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti sọ fún àbúrò wa pé kó tà á kí òjò tó bà á jẹ́. Òjò kì í ba búlọ́ọ̀kù jẹ́! Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tó pé mọ, tí wọ́n sì bomi rin dáadáa, omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tí òjò bá sọ di yanrìn, yanrìn ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó mọ ọ́n ni kí o lọ bá. Mú ẹyọ kan, jù ú sílẹ̀ láti ìwọ̀n orúnkún. Bí ó bá fọ́ túútúú, ní kí wọ́n wá dá owó padà. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń sọ nìyí, àmọ́ ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù máa ń ká mi lára.

Olè ni ewu ibẹ̀. Kó búlọ́ọ̀kù náà kúrò nínú igbó wá sí àgbàlá ẹni tó o fọkàn tán.

* * *

Mo fẹ́ padà sí ohun tó jẹ́ pé òun gan-an ló mú mi kọ̀wé, torí mo rí i pé a ti ń jìnnà sí i.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an bí káńsù bá ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀? Títà kì í dúró. Ìwé ló máa ń dúró. Lọ́jọ́ kejì ìkéde, olórí ẹbí á ṣì mú oníbàárà lọ wo ilẹ̀, á ní "ní tìtorí òfin tuntun yìí, mo máa bá ọ dín in". Wọ́n á kọ rìsíìtì, wọ́n á sì fi ọjọ́ ọdún tó kọjá sí i. Èmi fúnra mi ti jókòó síwájú ẹni tó ní kí n fi ọjọ́ àtijọ́ sórí pílàánù. Mo kọ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n sì bá a ṣe é kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ìdádúró bá fi máa parí, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dá sí ti tán pátápátá, ìwé irọ́ ló sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó pa òfin mọ́ nìkan ló pàdánù, bíi ti àbúrò wa yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń yin káńsù, ẹ bi wọ́n ní ohun kan fún mi: lọ́jọ́ tí ẹ lẹ ìwé yẹn, ṣé ẹ ka iye pulọ́ọ̀tì tó ti wà nílẹ̀? Ṣé ẹnìkan rìn yí etí ìlú ká pẹ̀lú ìwé àti bíírò, ó kọ ọ́ pé fáńdéṣọ̀n báyìí wà níbí, oko báyìí wà lọ́hùn-ún? Àkọsílẹ̀ yẹn nìkan ni yóò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè mọ rìsíìtì irọ́ yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, ènìyàn mẹ́ta àti fóònù tó ń ya fọ́tò ti tó fún ìlú wa. Bí wọn kò bá ṣe é kí wọ́n tó kéde, àwọn arẹ́nijẹ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ láìmọ̀.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé àṣẹ epo mọ́tò láti lọ wo etí ìlú, oṣù méjì ló máa gbà."

* * *

Àbúrò wa ti padà wá. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀.

Ó ní àbúrò òun lọ sí káńsù. Ìwé ara igi ni ti wọn, oṣù mẹ́fà ni, akọ̀wé kàn gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ ni. Ẹni tó ti ní fáńdéṣọ̀n nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìkéde lè kọ lẹ́tà wá, wọ́n á wá wò ó. Àmọ́ ọ̀dà pupa? Wọ́n ní àwọn kò rán ẹnikẹ́ni. Wọn kò tíì dé ọ̀nà ibẹ̀ rárá.

Mo ti fura. Àbúrò, ta ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀ fún ọ?

* * *

Ó ní bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bàbá náà kọ́ ni olórí ẹbí, àbúrò olórí ẹbí ni. Olórí ẹbí wà lóko ní àkókò náà, wọ́n ní "ó ti mọ̀ sí i".

Ọ̀rọ̀ dé. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé-ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsọ fún àwọn àgbà ìdílé yòókù, títà náà lè dúró títí ẹnìkan yóò fi pè é lẹ́jọ́ tí wọ́n á sì wọ́gi lé e. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, a kò ta nǹkan kan. Ibi tó o wà nìyẹn. Ojú ilé mìíràn nínú ẹbí náà ló gbé agolo ọ̀dà, wọ́n fi orúkọ káńsù bo ìbínú ara wọn. Ìwọ ń bá káńsù jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ yìí, ẹbí ló ń bá ọ jà.

Má kọ lẹ́tà sí káńsù ná. Bí wọ́n bá wá wò ó tí wọ́n sì bi ọ́ léèrè ìwé, ìwé yẹn ló máa tú ọ fó. Wálé. Wá ní òpin ọ̀sẹ̀, wá pẹ̀lú ẹni tó mú ọ lọ rà á, mú obì àti ohun mímu dání, lọ bá olórí ẹbí lóko níbi tó wà. Má dárúkọ ọlọ́pàá. Ní kí ó sọ iye tó kù tí ojú ilé tirẹ̀ kò rí gbà; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá gbà, kí ó buwọ́ lu ìwé tuntun, kí àwọn àgbà ojú ilé kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ gan-an sí i. Ọjọ́ òní o. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi ti ọdún tó kọjá sí i, ẹ dìde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí káńsù fún ìfọwọ́sí kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí ẹ sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ.

Àwọn tó ń bi mí bóyá inú mi ṣì dùn sí ìdádúró náà: bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ oṣù mẹ́fà lóòótọ́, bí wọ́n bá sì rìn yí ìlú ká. Màá lọ bi wọ́n léèrè bébà wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Búlọ́ọ̀kù náà, kó wọn wá sí àgbàlá mi bí o kò bá rí ibòmíràn. 1,200 ni o pè é. Màá kà á kó tó wọlé.